Ẹ̀yin tó ń wa Uber tàbí Lyft ní Houston: ìńṣọ́ránsì wo ló máa dúró tì yín lọ́jọ́ àṣìdáǹtì?

Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi iwájú mọ́tò mi gbá ẹ̀yìn mọ́tò ẹlòmíràn ní òpópónà Bissonnet. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó gba láísẹ́ǹsì mi, ó gba ìwé ìńṣọ́ránsì mi, ó wá wo fóònù tí mo gbé kọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó bi mí pé: “Ṣé o wà lórí áàpù?” Fóònù náà ṣì ń tan iná, ó ṣì ń bá mi wá èrò. Ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn mọ́tò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wà lórí áàpù.

N kò mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ló máa sọ ẹni tó máa san owó ohun tó bàjẹ́. Ìńṣọ́ránsì àwọn aláàpù tún mọ́tò ẹni tí mo gbá ṣe. Tèmi ńkọ́? Iléeṣẹ́ adójútòfò tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù kọ̀wé sí mi pé nítorí mo wà lórí áàpù, ọ̀rọ̀ mọ́tò mi kò kàn wọ́n. Àwọn aláàpù náà ní nígbà tí èrò kò tíì pè mí, mọ́tò mi kò sí lọ́wọ́ àwọn. $6,400 ni mo fi tún un ṣe, mo sì ń san gbèsè mọ́tò náà fún báńkì ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní gèréjì. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn méjèèjì wà lábẹ́ òfin. Òfin Texas ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì lè dí àlàfo náà wà lọ́jà tí n kò rà á, torí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Oríṣi ìwé ìńṣọ́ránsì mẹ́ta ló wà tí awakọ̀ lè yàn nínú wọn: ìwé lásán tí gbogbo ènìyàn ń rà, ìwé lásán tí wọ́n fi àfikún rideshare (ìyẹn iṣẹ́ fífi áàpù gbé èrò) kún, àti ìwé oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní commercial. Kí n tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń fi wọ́n dí.

Ìgbà mẹ́rin lára mọ́tò kan

Mọ́tò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń bọ́ sí ọwọ́ olùdáàbòbò mìíràn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ tẹ fóònù.

Bí ẹ bá ti pa áàpù, tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí ẹ ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ìńṣọ́ránsì tiyín nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù tí Texas gbà kí ènìyàn fi wakọ̀ ni $30,000 fún ẹnì kan tó bá fara pa, $60,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa nínú ìjàm̀bá kan, àti $25,000 fún dúkìá. Ẹlòmíràn ni gbogbo owó yìí wà fún, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún mọ́tò tiyín.

Bí ẹ bá tan áàpù tí ẹ ń retí èrò, ibẹ̀ ni kòtò wà. Òfin tí ilé aṣòfin Texas ṣe lọ́dún 2015, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016, gba iléeṣẹ́ adójútòfò láyè láti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn kò ní sanwó nígbà tí awakọ̀ bá wà lórí áàpù. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì kọ ọ́. Òfin kan náà ní kí $50,000 wà fún ẹnì kan, $100,000 fún ìjàm̀bá kan, àti $25,000 fún dúkìá. Bí ìwé tiyín kò bá san án, àwọn aláàpù ló máa san án. Ẹ fi ojú sí i dáadáa: ẹni tí ẹ gbá ni wọ́n ń san án fún. Mọ́tò yín kò sí nínú rẹ̀.

Òfin ìgbà ìretí yìí ní ìtàn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2013, ní San Francisco, awakọ̀ kan tó wà lórí áàpù Uber, tí kò tíì rí èrò, gbá ìdílé kan tó ń sọdá títì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan kú níbẹ̀. Gbogbo ìlú wá ń bèèrè pé, ẹni tó tan áàpù tí kò sì gbé ẹnikẹ́ni, ọrùn ta ni ẹrù rẹ̀ wà? California ṣòfin lé e lórí lọ́dún 2014, Texas sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá ń retí èrò báyìí, mo máa ń rántí ọmọ yẹn.

Ìgbà kẹta ni ìgbà tí èrò ti pè, tí ẹ ti gbà, tí ẹ ń lọ gbé e. Ìkẹrin ni ìgbà tó ti wọlé títí tó fi sọ̀kalẹ̀. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni òfin ní kó wà nílẹ̀ fún ikú, ìfarapa àti dúkìá ẹlòmíràn nígbà méjèèjì yìí. Ní ti mọ́tò yín, Uber àti Lyft ń bá awakọ̀ tún un ṣe dé iye tí mọ́tò náà ń lọ lọ́jà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ $2,500 àkọ́kọ́ lápò ara yín. Owó àkọ́yọ yìí ni wọ́n ń pè ní deductible.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò gbọ́ rí. Àtúnṣe yẹn wà fún ẹni tí ìwé tirẹ̀ ní collision àti comprehensive, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ń pè ní full coverage. Bí ẹ bá ra liability nìkan, ìyẹn èyí tó ń san ti ẹni tí ẹ gbá, torí pé kò wọ́n, tí ẹ gbọ́kàn lé e pé Uber yóò tún mọ́tò ṣe, ẹ kò ní rí nǹkan kan gbà, bí èrò tilẹ̀ wà lẹ́yìn yín. Mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Nílé, third party tó di ₦15,000 lọ́dún láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, nítorí ọlọ́pàá ni a sì ṣe ń rà á. Ní Nàìjíríà, ₦3 mílíọ̀nù ni ìwé náà lè san dé lórí dúkìá ẹlòmíràn, kò sì kan mọ́tò ẹni tó rà á. A gbé ojú yẹn dé ibí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé níbí, gbèsè báńkì máa ń wà lórí mọ́tò, gbèsè náà kì í sì í lọ bí mọ́tò bá tilẹ̀ ti di irin.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Nínú tábìlì yìí, mo kà á sí pé full coverage ni ìwé lásán náà.

| Ohun tó ṣẹlẹ̀ | Ìwé lásán | Ìwé lásán pẹ̀lú àfikún rideshare | Ìwé oníṣòwò |
|---|---|---|---|
| Ẹ ti pa áàpù | Tiyín san án | Tiyín san án | Tiyín san án |
| Ẹ ń retí èrò: ẹni tí ẹ gbá | Aláàpù, 50/100/25 | Tiyín, tàbí aláàpù bí àfikún náà kò bá dé ibẹ̀ | Tiyín |
| Ẹ ń retí èrò: mọ́tò yín | Kò sí | Tiyín, lẹ́yìn deductible tí ẹ yàn | Tiyín |
| Ẹ ń lọ gbé èrò, tàbí ó ti wọlé: mọ́tò yín | Aláàpù, lẹ́yìn $2,500 | Aláàpù, àwọn àfikún kan ń dín $2,500 náà kù | Tiyín |
| Èrò tó fún yín lówó lọ́wọ́, láìsí áàpù | Kò sí | Kò sí | Tiyín, bí ó bá wà nínú ìwé |

Àwọn tó máa ń sọ fún mi pé ìwé lásán tó àwọn ni àwọn tó ń wakọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan. Mo máa ń ní kí wọ́n ka wákàtí tí wọ́n fi ń retí, kì í ṣe wákàtí tí wọ́n fi ń gbé èrò. Ẹni tó bá ṣe wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé lè fi méjì nínú rẹ̀ yí ká Westheimer àti Galleria láìrí ẹni pè é. Wákàtí méjì yẹn ni mọ́tò rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ewu kejì tún wà: bí iléeṣẹ́ adójútòfò yín bá mọ̀ lẹ́yìn àṣìdáǹtì pé ẹ ti ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ láìsọ fún wọn, wọ́n lè kọ̀ láti sọ ìwé yín di ọ̀tun nígbà tó bá parí.

Àfikún rideshare ni mo rò pé ó yẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. Inú ìwé tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti ìwé oníṣòwò. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ń dí kòtò ìgbà ìretí nìkan, pé full coverage yín kò ní sá lọ nígbà tí ẹ bá tan áàpù. Èkejì ń dé ìgbà kẹta àti ìkẹrin pẹ̀lú: bí deductible tiyín bá jẹ́ $500 tí ti aláàpù jẹ́ $2,500, wọ́n lè bá yín san $2,000 tó wà láàárín. Bí ẹ bá ń ra àfikún, irú kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Bí full coverage kò bá sí nínú ìwé yín tẹ́lẹ̀, àfikún kò lè tún mọ́tò yín ṣe, torí kò sí ohun tó fẹ́ nà gùn.

Ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri, kó má rò pé ó ti wà nínú rẹ̀. Àfikún mìíràn mọ èrò nìkan, kò mọ oúnjẹ. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé oníṣòwò wọ́n. N kò ní tan yín jẹ lórí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣe Uber Black, ìyẹn ti mọ́tò olówó ńlá, ẹni tó ní oníbàárà tirẹ̀ tó ń pè é lórí fóònù, àti ẹni tó ní mọ́tò méjì mẹ́ta tó kó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láti máa wà, àwọn ni ìwé náà wà fún. Fún ẹni ìkẹta yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí orúkọ gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò náà wà nínú ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ àbúrò fi áàpù ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́. Ẹni tí orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ wà lórí áàpù ni iléeṣẹ́ mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà nídìí sítíárìn nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ ti fún wọn ní ìdí láti bá yín jà lórí mílíọ̀nù yẹn.

Kábúkábú láti pápákọ̀ òfurufú

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ, torí pé àwa gan-an là ń ṣe é. Ìyàwó ilé kan ń ṣe ọgọ́ta ọdún fún màmá rẹ̀ ní Katy. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Èkó àti Chicago. Wọ́n á fi nọ́ńbà yín sí orí WhatsApp ẹbí pé, “Ẹ pe bùọ̀dá yìí, wọ́n á gbé yín ní Bush.” Ẹ gbé wọn, àpótí mẹ́rin lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n fi $80 ránṣẹ́ sí yín lórí Zelle. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Bí ẹ bá gbá ẹnì kan lójú ọ̀nà I-10 níbi tí ẹ ti ń lọ, ta ni yóò sanwó? Aláàpù kò mọ̀ pé ẹ jáde. Ìwé lásán ní gbólóhùn tó yọ ẹni tó ń gbowó gbé ènìyàn kúrò. Àfikún rideshare mọ áàpù nìkan. Ẹ̀yin àti ilé yín ló kù. Àjọpín owó epo láàárín àwọn tó jọ ń lọ ibì kan náà yàtọ̀, àwọn ìwé lásán máa ń gbà á láyè. Ṣùgbọ́n $80 fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí kì í ṣe owó epo, ajẹ́ńtì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yóò sì rí Zelle náà. Bí ẹ bá ń ṣe irú rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ lọ ra ìwé oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ gbé àlejò náà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ ní kó pe áàpù.

Ta ló jẹ̀bi, ta ló máa san án

Ẹni tó jẹ̀bi ló ń sanwó ní Texas, ṣùgbọ́n wọ́n lè pín ẹ̀bi. Bí àdánù yín bá jẹ́ $40,000, tí ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ sọ pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi náà jẹ́ tiyín, $28,000 lẹ máa gbà. Bí ẹ̀bi yín bá ju ìdá àádọ́ta lọ, ẹ kò ní gba kọ́bọ̀. Ọdún méjì ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pẹjọ́, láti ọjọ́ ìjàm̀bá.

Ṣé wọ́n lè pe iléeṣẹ́ áàpù fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òfin Texas ti mú un le gan-an láti gbé ẹ̀bi awakọ̀ lé iléeṣẹ́ lọ́rùn, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé iléeṣẹ́ náà ṣe àìbìkítà tó burú jáì. Ìńṣọ́ránsì mílíọ̀nù kan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ni orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́. Nítorí náà, iye liability tí ẹ rà lọ́wọ́ ara yín kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi dín owó oṣù kù.

Bí àṣìdáǹtì bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí ẹ tó pa áàpù. Àwòrán kan yẹn ló máa sọ ìgbà tí ẹ wà. Ẹ má sì purọ́ fún ajẹ́ńtì lórí rẹ̀, torí òfin ní kí iléeṣẹ́ áàpù fún àwọn tó ń wádìí ní àkókò tí ẹ wọlé àti àkókò tí ẹ jáde, láti wákàtí méjìlá ṣáájú ìjàm̀bá títí di wákàtí méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ọ̀daràn. Ẹ gba ìròyìn ọlọ́pàá, èyí tí wọ́n ń pè ní CR-3. $6 ni wọ́n ń tà á. Bí ẹni tí ẹ kò pè bá ti ń pè yín láàárín wákàtí díẹ̀ pé òun mọ lọ́yà tó máa gba owó ńlá fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Fífi irú ìpè bẹ́ẹ̀ wá ẹjọ́ kiri jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Texas.

Bí ó bá jẹ́ pé èrò ni yín

Ọ̀rọ̀ yín rọrùn ju ti awakọ̀ lọ, torí ẹ̀bi kì í sábà kàn yín. Bí awakọ̀ yín bá jẹ̀bi, mílíọ̀nù kan dọ́là wà nílẹ̀. Ibi tó ti le ni pé ẹlòmíràn tó jẹ̀bi lè ní $30,000 nìkan, tàbí kó má ní ìńṣọ́ránsì rárá. Ẹ lọ wo ìwé mọ́tò tiyín nílé. PIP, tó ń san owó ìtọ́jú láìwo ẹni tó jẹ̀bi, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó $2,500 ó kéré tán, UM, tó ń sanwó fún yín bí ẹni tó jẹ̀bi kò bá ní ìńṣọ́ránsì tàbí tí tirẹ̀ kò tó, náà sì gbọ́dọ̀ wà, àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ kò fẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fọwọ́ sí i láìkà á. Àwọn méjèèjì lè tẹ̀ lé yín wọ inú mọ́tò ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tó wà ní Los Angeles, ẹ̀yin náà, ẹ ṣọ́ra. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, òfin California dín UM tí àwọn aláàpù gbọ́dọ̀ ní kù láti mílíọ̀nù kan dọ́là sí $60,000 fún ẹnì kan àti $300,000 fún ìjàm̀bá kan.

Ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì

Ẹ má bèèrè pé “ṣé mo ní ààbò?” Gbogbo wọn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ fún un pé: “Mo wà lórí áàpù, èrò kò tíì pè mí, èmi ni mo jẹ̀bi. Ta ló máa tún mọ́tò mi ṣe, èló ni mo sì máa kọ́kọ́ yọ?” Ẹ jẹ́ kó fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀, bóyá ó dín $2,500 ti aláàpù kù, àti bóyá orúkọ ẹlòmíràn tó ń wa mọ́tò náà wà níbẹ̀.

Ajẹ́ńtì àkọ́kọ́ tí mo bi ní ìbéèrè yẹn ní òun yóò pè mí padà, kò sì pè. Èkejì dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, ó ka gbólóhùn náà fún mi láti inú ìwé, ó sì sọ ojú ewé tó wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà dòní. Mo tẹ ojú ewé yẹn sórí bébà, inú àpótí iwájú mọ́tò ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀.